Ògbufọ̀ Ìgbéyàwó

Tíṣà ti dìde kí ògbufọ̀ tó rí ibi sá gbà. Ọdún méjì péré ni ògbufọ̀ fi pọnmi fún òyìnbó kan ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n gbogbo Ìsúndunrin gbà pé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, òun náà kò sì jiyàn rí.

Tíṣà ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó kọ nítorí ìyàwó, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó dánu dúró. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì kọjú sí ògbufọ̀.

"Kí ni wọ́n wí?" ni bàbá ìyàwó bi í.

Òógùn bò ó. "Wọ́n ní ìyàwó kò ní yàgàn."

"Àmín."

Tíṣà wò ó tìyanu-tìyanu. Ó sì ń kàwé lọ.

"Wọ́n ní iṣu ọkọ rẹ̀ yóò ta dáadáa."

"Ohun tí wọ́n kà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ," ni ìyá àgbà kan wí.

"Iṣu náà ló pọ̀, ìyá."

Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín. Ìyàwó nìkan ló ń sunkún. Ìgbà náà ni ògbufọ̀ rántí pé ọdún mẹ́fà ni Ọmọpẹ́, ìyàwó yìí, fi kàwé lọ́dọ̀ tíṣà. Àyà rẹ̀ já.

Bí wọ́n ti jáde, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyàwó kọ́kọ́ wá. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ kò sọ fún ọkọ mi ohun tí wọ́n kà."

Ògbufọ̀ rọra mirí. "Àgbà ló ń mọ èyí tí à ń gbé mì, ọmọ mi."

Títí ìyàwó fi dìde, ó ń wu ògbufọ̀ kó bi í pé kí ni tíṣà tiẹ̀ wí.