Àgúnmu Inú Ife Tíì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wò ó pé ó gùn, ẹ kà á títí dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń ti èèyàn lójú, ìdí nìyẹn tó fi ń pa wọ́n. Bí ẹ bá ní ọkọ tàbí ìyàwó, ẹ kà á sókè kí òun náà gbọ́.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń la pákó. Ìrókò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí ó síngbọnlẹ̀, ó sì ń dá gbé igi tí àwọn yòókù ń pawọ́ pọ̀ gbé. Ìyàwó rẹ̀ ń dirun lójúde ilé wọn. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn gan-an. Àmọ́ nígbà tó yá, nǹkan ọkùnrin Ìrókò kì í dìde mọ́. Á kọjú sí ògiri, á ní iṣẹ́ ló rẹ òun. Ìyàwó náà á ṣe bí ẹni tó ti sùn lọ.

Dókítà ti fún un lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń lò ó déédéé. Ṣùgbọ́n kí Ìrókò jókòó síwájú dókítà, kó ní abẹ́ òun ò ṣiṣẹ́? Ó ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹni tó bá ń pa òwe yẹn kò tíì rí irú ikú tí mo fẹ́ sọ yìí.

2.
Ọkùnrin kan ń ta àgúnmu nínú ọ̀rá kéékèèké ní ìkóríta wọn. Kò sí orúkọ lára ọ̀rá náà, ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó gún sínú rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Dókítà Ẹ̀gbẹ́-Títì, síbẹ̀ wọ́n ń rà á.

"Ewé àti egbò lásán ni," ló máa ń wí. "Ṣé ewé ń pààyàn ni?"

Ìrókò rà á, ó bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyàwó rẹ̀ náà fi gèlè bojú wá.

"Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ o," ó wí. "Á rò pé mò ń fojú tín-ín-rín òun."

Dókítà Ẹ̀gbẹ́-Títì mọ̀ pé tọkọtaya ni wọ́n. Ó gbowó ọkọ, ó gbowó ìyàwó, ó panu mọ́.

Láràárọ̀ ni obìnrin náà ń po àgúnmu mọ́ tíì ọkọ rẹ̀. Ìrókò á mu tíì náà tán, á dé ibi iṣẹ́, á tún lá tirẹ̀ lẹ́yìn òkìtì ìdọ̀tí igi. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó ṣiṣẹ́. Obìnrin náà ń kọrin bó ṣe ń dirun. Àmọ́ ojúkòkòrò ọmọ aráyé kì í tán, nígbà tó ṣiṣẹ́, oníkálukú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún tirẹ̀.

3.
Ìrókò ń ti igi sẹ́nu ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà nígbà tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ó dojú bolẹ̀ síwájú ẹ̀rọ. Ayùn náà gé ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dànù pẹ̀lú ìdajì àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀jẹ̀ fọ́n sára pákó, ó fọ́n sójú àwọn tó sáré wá fà á. Igbe rẹ̀ ju ariwo ẹ̀rọ lọ. Wọ́n fi bẹ́líìtì so apá rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn.

4.
Ẹ̀gbọ́n Ìrókò, alápatà, sáré dé láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀bẹ nínú àpò. Ìyàwó náà dé. Wọ́n ti dá ẹ̀jẹ̀ dúró nígbà tí Ìrókò ní àyà ń dun òun.

"Ṣé ẹ lo nǹkan míì yàtọ̀ sí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru?" dókítà bi í. "Àgbo, àgúnmu, oògùn ọkùnrin? Ẹ má tijú. Bí ẹ bá ti lo irú ẹ̀, oògùn àyà tí mo fẹ́ fún yín lè pa yín."

Ìrókò wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Rárá."

Dókítà yíjú sí obìnrin náà. Kí obìnrin náà tó lanu, alápatà ti rẹ́rìn-ín.

"Oògùn ọkùnrin kẹ̀? Àbúrò tèmi? Dókítà, ẹ wò ó dáadáa."

"Rárá," ni ìyàwó náà wí.

Wọ́n fún un lóògùn náà. Ara rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ yí sókè. Wọ́n tẹ àyà rẹ̀ títí egungun ìhà rẹ̀ fi dá. Ìrókò kú.

5.
"Mo ti pa á," obìnrin náà wí. "Inú tíì ni mò ń dà á sí."

Alápatà ò bi í pé kí ni. Ó gbá a lẹ́nu, eyín tú jáde. Ó gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri, ó fún un lọ́rùn títí nọ́ọ̀sì kan fi sáré dé pẹ̀lú ọ̀rá tó yọ nínú ṣòkòtò òkú.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ náà ń lò ó."

Ọwọ́ alápatà tú. Ó dá ọ̀rá náà mọ̀, ó jáde láìwẹ̀yìn, ó gba ìkóríta lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn ni wọ́n ní kí n má sọ," Dókítà Ẹ̀gbẹ́-Títì ń wí lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀bẹ wọ ọrùn rẹ̀. Orí ọjà rẹ̀ ló kú sí. Alápatà wà lẹ́wọ̀n báyìí, kò sì ní jáde láéláé.

Nígbà tí àgbọ̀n obìnrin náà ṣeé là, dókítà ṣàlàyé fún un. Wọ́n ti lọ oògùn òyìnbó tó ń mú nǹkan ọkùnrin dìde mọ́ ewé náà, ó sì pọ̀ jù; òun ló jẹ́ kí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn níwájú ẹ̀rọ. Àìlera tí Ìrókò ń fi pamọ́ gan-an ni àmì pé ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn, ìbá sì ti rí ìtọ́jú.

"Ó wojú mi kó tó ní rárá," obìnrin náà wí. "Mo rò pé ó ń bẹ̀ mí kí n má tú àṣírí òun. Àbí ṣe ló ń bẹ̀ mí kí n sọ ọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra fún oògùn tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó ń tà á ì báà lẹ́nu dídùn bí oyin. Ohun tó bá ń ṣe abẹ́ yín, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ẹni tí ẹ jọ ń sùn. Bí wọ́n bá bi yín ní ilé ìwòsàn pé kí lẹ lò, ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni kí ẹ tó dáhùn. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́.