Ìrọ̀rí Tí Kò Nírin Nínú

Bámiṣẹ́, ẹni tó ń rán àga mọ́tò ní Èrúwà, kì í ṣe ọ̀lẹ. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tí ojú ń rí nìkan ló máa ń ṣe dáadáa. Ohun tí aṣọ bá ti bò, ó gbà pé kò sẹ́ni tó máa tú u wò. Irú àléébù bẹ́ẹ̀ kì í tètè hàn, òun ló jẹ́ kó pẹ́ kó tó bá a jà.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ọ̀nà Pólì. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Wúràọlá gbé ọkọ̀ wá bá a láti Igbó-Ọrà. Ọkọ̀ kékeré tí kò wọ́n ni. Àwọn tó ṣe é fi ìrọ̀rí sórí àga iwájú, wọ́n sì fi àga ẹ̀yìn sílẹ̀ láìní, kí owó ọkọ̀ náà má bàa ga. Wúràọlá bí ìbejì, wọ́n sì ní ẹ̀gbọ́n kan. Ó fẹ́ kí orí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ríbi gbára lé.

"Ọ̀gá, owó tó wà lọ́wọ́ mi nìyí. Ṣé ó lè ṣe mẹ́ta?"

Kò lè ṣe ju méjì lọ. Ìrọ̀rí gidi gbọ́dọ̀ ní irin méjì tó wọnú àga, tí wọ́n jó mọ́ férémù, kí fóòmù tó bò ó. Irin yẹn ló ń gbówó. Fóòmù àti awọ kò tó nǹkan. Keturah, ìyàwó Bámiṣẹ́ tó ń bá a gé awọ, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá Ìníolúwa, ẹ sọ fún Ìyá Ìbejì pé méjì lowó wọn mọ. Kí wọ́n fi ti àárín sílẹ̀ títí owó á fi dé. Ẹni tó bá mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀ á mọ bó ṣe máa jókòó."

"Tí mo bá ní méjì, á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì," ni Bámiṣẹ́ fèsì. "Ẹ̀yìn mọ́tò ni, Keturah. Ta ló ń wo ẹ̀yìn?"

Ó rán mẹ́ta, kò sì firin sí ọ̀kankan. Páálí bísíkíìtì ló ká, ó fi fóòmù wé e, ó fi awọ aláwọ̀ eérú bò ó, ó wá fi òwú pupa rán etí rẹ̀ ní ìlà méjì. Ó wu Wúràọlá débi pé ó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó rí ọkọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn wá, nígbà tó sì fi máa di ọdún kẹta, Bámiṣẹ́ ti fi páálí kọ́lé. Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tí ọjà ń yá fún kì í ráyè ka iye yẹn.

Ìyá Bámiṣẹ́ ń gbé ní Ayétẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, wọ́n sì ti dá ọjọ́ fún un tí wọ́n máa bá a ṣe é ní Ìbàdàn. Ó wá sun Èrúwà mọ́jú, Bámiṣẹ́ sì fi fóònù pe ọkọ̀ tó máa gbé wọn lọ. Hàkímù, ọmọ Igbó-Ọrà, ló wa ọkọ̀ náà dé. Bámiṣẹ́ ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó rí òwú pupa ìlà méjì. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni.

"Ẹ ń wo àga mi, sà," ni Hàkímù wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ọwọ́ tíṣà kan ni mo ti ra ọkọ̀ yìí. Ẹni tó rán an mọṣẹ́."

Gbólóhùn kan péré ló kù kí Bámiṣẹ́ sọ, ọkọ̀ mìíràn ì bá dé. Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà á ti dé Igbó-Ọrà kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Màá, ẹ jókòó níwájú."

"Iwájú kẹ̀? Ojú tí ò ríran, kí ló fẹ́ fi iwájú ṣe?"

Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé àgbà sí. Ẹni tó bá gbé ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, wọ́n á ní kò mọ iyì ìyá. Màmá sì ti wọlé, ó ti gbé orí lé ìrọ̀rí, ó ní ó tutù dáadáa. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bámiṣẹ́ dákẹ́. Ó jókòó níwájú, ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á máa bá ìyá òun ṣọ́ ọ̀nà. Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹfà tó ní kí Hàkímù rọra, Hàkímù sì rọra lóòótọ́.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé Ìdó ni màlúù ń sọdá. Hàkímù dúró. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó ẹ̀gẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn, búréèkì rẹ̀ kò tètè mú, ó sì kọ lù wọ́n. Ìkọlù náà kò le púpọ̀. Ìrọ̀rí onírin gba orí àwọn méjèèjì tó wà níwájú dúró, wọ́n sì fẹsẹ̀ ara wọn sọ̀ kalẹ̀. Ìrọ̀rí ẹ̀yìn ká sẹ́yìn, ọrùn Màmá sì bá a lọ.

Dókítà ní kò ní kú, ṣùgbọ́n kò ní lè rìn mọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní lè gbé nǹkan. Ọsibítù ni Hàkímù ti wá bá Bámiṣẹ́, ó mú ìrọ̀rí náà dání. Ó ti fi ọ̀bẹ la á, páálí sì yọ síta.

"Mo pe tíṣà tó ta mọ́tò fún mi. Wọ́n ní Bámiṣẹ́ kan ní Èrúwà ló rán an. Sà, kí lorúkọ yín?"

Bámiṣẹ́ gba ìrọ̀rí náà, ó ń fi ìka ti páálí padà sínú awọ.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti kún iwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń la ìrọ̀rí ọkọ̀ wọn níkọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Ilé tó kọ́ bá owó ọsibítù lọ. Gbogbo ìyẹn dùn ún, àmọ́ kò dùn ún tó ti ọjọ́ tó ń fi ṣíbí bu omi fún ìyá rẹ̀.

"Bámiṣẹ́, nígbà tó o ní kí n jókòó níwájú, ṣé o ti mọ̀?"

"Mo mọ̀, Màá."

Màmá pa ẹnu dé. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ Keturah nìkan ló ti ń gba omi. Bó bá jẹ́ Bámiṣẹ́ ló gbé e wá, kò ní lanu títí á fi gbé e padà.

Ẹni tó bá ka ìtàn yìí, kó fi èyí sọ́kàn: àìtó owó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ohun tí kò wọ́n kì í sì í ṣe irọ́. Irọ́ ni ká fi awọ tó rẹwà bo ohun tí owó kò ká. Oníṣẹ́ ọwọ́, sọ ibi tí owó oníbàárà rẹ mọ, kó lè yan ohun tó bá fẹ́. Bó o bá sì ti ṣe aburú, sọ ọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀, bójú tilẹ̀ máa tì ọ́. Ẹni tó ń gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn. Kò mọ ti ilé ẹni tó máa kó sí i.