Káàdì Méjìlélọ́gbọ̀n

Láti àárọ̀ ni fóònù Ìyá Akọ̀wé ò ti sinmi.

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ pè. "Ìyá wa, àríyá ìparí ọdún ọ́fíìsì tọ̀tẹ̀ yìí, mo fẹ́ kó jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní gbàgbé."

Ìyá Akọ̀wé ní kò burú.

Akápò pè pé òun ò ní jókòó ti awakọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ò wọ̀.

Awakọ̀ pè pé ṣé ẹran máa wà, àbí ẹja bíi ti èṣí.

Ìyá Akọ̀wé ti ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ó fi èjìká gbé fóònù, ó ń kọ orúkọ wọn sórí káàdì ìjókòó. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń ṣètò àríyá yìí. Ó rẹ̀ ẹ́ dénú eegun.

Alásè ló pè gbẹ̀yìn. "Mọ́mì, abọ́ mélòó?"

"Méjìlélọ́gbọ̀n."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n là ń sè lọ́dọọdún."

Ó yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú omi tó ti tutù.

"Mo ti fẹ̀yìn tì láti oṣù kẹfà."

"Wọn ò wá ní kẹ́ ẹ wá bá wọn jẹun?"

"Ọ̀gá ní awakọ̀ á wá gba káàdì nílé, kí n má da ara mi láàmú láti wá."