Fọ́tò Eyín tí Habeebat Ń Fi Ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má wo òkè ìtàn yìí lásán kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ síbòmíràn. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín fi wáyà sí eyín.

1.

Habeebat, ọmọ Àáfà Zakariyya ní Ọ̀kà, ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-kéwú kan ní Ìkàrẹ́. Bí ó bá la ẹnu ké Kùráánì, ọlọ́kadà tó ń kọjá á pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn ìyá àgbà tí kò gbọ́ Lárúbáwá á máa nu ojú. Bàbá rẹ̀ tó kọ́ ọ láti kékeré á mi orí, á ní, "Sùbúhánállàhì! Ohùn wo lèyí?"

Ṣùgbọ́n eyín iwájú rẹ̀ gun ara wọn, ìbòrí ló sì máa ń fi bo ẹnu bí ó bá ń rẹ́rìn-ín. Ó lọ bá Dókítà Ọlálẹ́yẹ, oníṣègùn eyín ní Àkúrẹ́, ìyẹn sì fi wáyà sí i fún un. Ó tún fún un ní ike kékeré kan tó ń la ètè sílẹ̀ níwájú kámẹ́rà fóònù.

"Ní gbogbo Jímọ̀ọ̀," ni dókítà wí, "ya eyín rẹ, kí o fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, màá wò ó níbí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí o wá, kí o wá o, kí n fọwọ́ kàn án. Fọ́tò kò lè sọ fún mi pé eyín ń mì. Bí o bá sì rí ẹ̀jẹ̀, má dúró de Jímọ̀ọ̀. Pè mí."

"Mo ti gbọ́, sà."

2.

Jímọ̀ọ̀ àkọ́kọ́, Habeebat ya fọ́tò nínú àgbàlá wọn, ó fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ rárá tí èsì fi dé: *Ẹ̀fọ́ há sẹ́yìn wáyà lókè, lápá òsì. Fọ̀ ọ́ dáadáa.*

Ó fi ahọ́n wá ibẹ̀. Ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́!

"Bàbá! Ẹ wá wo nǹkan! Dókítà jókòó sí Àkúrẹ́, ó rí ẹ̀fọ́ lẹ́nu mi ní Ọ̀kà!"

Àáfà gba fóònù náà, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń wá oṣù ààwẹ̀ lójú sánmà. "Ọlọ́run mà fún ẹ̀dá lọ́gbọ́n o," ló sọ.

Ìyanu ni lóòótọ́. Bí o bá to àwọn fọ́tò náà tẹ̀lé ara wọn, wàá rí eyín tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí àyè rẹ̀, bí ìgbà tí lèmọ́mù bá ní kí èrò mọ́sáláṣí tún sáàfù, ìyẹn ìlà ìrun, ṣe. Habeebat gbé wọn sórí státọ́ọ̀sì. Máṣáállà ń rọ́ wọlé. Ó bọ́ ìbòrí kúrò lẹ́nu, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, dókítà ní kó wá. Kò lọ.

"Habeebat, wọ́n ní kí o wá," bàbá rẹ̀ sọ. "Jẹ́ kí n bá ọ lọ."

"Bàbá, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe? Gbogbo ẹnu mi ni wọ́n ń rí lórí fóònù."

3.

Wọ́n yan Habeebat láti ṣojú Àkókó níbi ìdíje kíké Kùráánì. Àsìkò yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀ lára búrọ́ọ̀ṣì. Èrìgì rẹ̀ wú, ó pọ́n. Ẹ̀rù bà á pé dókítà á ní kó wá, pé wọ́n á tú wáyà, kò sì ní lè múra ìdíje.

Kí ló ṣe? Tí Jímọ̀ọ̀ bá dé, á fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, á nu ẹ̀jẹ̀ kúrò, á yí kámẹ́rà fóònù sí ètò tó ń mú ara dán nínú fọ́tò, á wá ya fọ́tò.

*Ṣé ẹ̀jẹ̀ kankan kò jáde?* ni dókítà béèrè.

Habeebat tẹ èsì padà: *Rárá, sà. Kò sí nǹkan kan.*

Nígbà tí pípọ́n náà kò ṣeé bò mọ́, ó wá fọ́tò àtijọ́ kan jáde, ó fi ìyẹn ránṣẹ́.

*Ó dára,* ni èsì tó wá.

Ó yẹ kí ẹ̀rù bà á nígbà yẹn. Ó ṣe Àlùhàmúdùlílà.

4.

Ìdíje ku dẹ̀dẹ̀. Habeebat ń ké níwájú bàbá rẹ̀. Ó dé orí háráfì kan, ìyẹn lẹ́tà Lárúbáwá, tí ahọ́n gbọ́dọ̀ fara kan etí eyín òkè, eyín náà sì mì lórí ahọ́n rẹ̀. Ó dákẹ́ lójijì. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú, ara rẹ̀ gbóná, itọ́ kò ṣeé gbé mì. Bàbá rẹ̀ gbé e, ó di Àkúrẹ́.

Dókítà Ọlálẹ́yẹ kò pariwo. Ó fi ìka kan ṣoṣo kan eyín iwájú. Eyín náà fì síwá, ó fì sẹ́yìn. Ó ya fọ́tò tó ń rí inú egungun, ó gbé e síwájú Habeebat: egungun tó di eyín mú ti yọ́ dànù.

Habeebat la ojú sílẹ̀. "Gbogbo eléyìí ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu mi?"

"Ó ti pẹ́. Inú èrìgì tó ń ṣàìsàn ni wáyà ti ń fa eyín. Ká ní mo ti fọwọ́ kàn án nígbà tí mo pè ọ́, ǹ bá ti dá wáyà dúró, ǹ bá sì ti tọ́jú èrìgì. Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ lẹ́nu àìpẹ́ yìí ńkọ́?"

Habeebat bú sẹ́kún. "Fọ́tò àtijọ́ ni, sà."

Wọ́n yọ eyín iwájú òkè, wọ́n fa ọyún. Dókítà sọ fún Àáfà pé ká ní wọ́n tún fi falẹ̀ ni, wíwú náà ìbá sọ̀ kalẹ̀ dí ọ̀nà èémí. Bàbá àgbàlagbà yìí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń tún un sọ pé, "Ọlọ́run, o ṣé. O fi ẹ̀mí rẹ̀ sílẹ̀ fún mi."

Ẹlòmíràn ló ṣojú Àkókó. Habeebat padà sí ilé-kéwú pẹ̀lú eyín àtọwọ́dá. Ó la ẹnu ké. Ohùn náà ṣì wà, tó ń mú ara ẹni gbọ̀n, àmọ́ tó bá dé orí àwọn háráfì yẹn, afẹ́fẹ́ á jò. Kò sí ọmọ kan tó rẹ́rìn-ín. Ó dúró, ó pe bàbá rẹ̀ tó sìn ín wá wọlé.

"Ẹ tẹ̀lé bí Bàbá ṣe pè é," ó sọ fún àwọn ọmọ náà. "Ẹ má tẹ̀lé tèmi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbọ́ o. Kí dókítà wo eyín yín láti ọ̀nà jíjìn, ohun ìyanu ni, ẹ máa lò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fi han kámẹ́rà nìkan ló rí. Ẹ má nu ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ má purọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú yín. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ wá, ẹ dìde, ẹ lọ, kí wọ́n fọwọ́ kàn yín nígbà tí àtúnṣe ṣì wà.