Máàkì Mọ́kàndínlọ́gọ́ta

Ọdún kẹrin tí Mánsúrù ti wà ní Jámánì ló pe Latifah ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù pé àkókò ti tó kó wá bá òun. Ìwé físà ti ń lọ. Ohun kan ṣoṣo ló kù: wọn kì í fún ìyàwó ẹnikẹ́ni ní físà bí kò bá tíì yege ìdánwò èdè Jámánì, ìpele àkọ́kọ́. Ọgọ́ta máàkì nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń béèrè.

Latifah bi í pé ta ni yóò máa mójú tó ilé búrẹ́dì. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ dá a sílẹ̀ ní Àpẹtẹ, ààrò méjì, òṣìṣẹ́ mọ́kànlá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Poli sì ń tò síwájú rẹ̀ láràárọ̀. Ìyá Mánsúrù, tó ń gbé pẹ̀lú Latifah, ló dáhùn: búrẹ́dì kì í ṣe ọkọ. Latifah tún bi ọkọ rẹ̀ bóyá Mánsúrù fúnra rẹ̀ ò ní máa bọ̀ nílé, torí ọdún méjì ló ṣèlérí nígbà tó ń lọ. Mánsúrù rẹ́rìn-ín. Latifah náà ò rojọ́ mọ́. Ó ní kó fi línkì kíláàsì ránṣẹ́ sí òun.

Ọ̀gbẹ́ni Bọ́láwárìn ló ń kọ́ wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti ilé rẹ̀ ní Onírèké, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn mẹ́rìnlá ni. Nígbà mìíràn iná á lọ, ojú èèyàn mẹ́fà á sì pòórá lẹ́ẹ̀kan náà. Latifah kì í pa kíláàsì jẹ. Á gbé fóònù ti àpò ìyẹ̀fun, á máa po ìyẹ̀fun, á máa wí tẹ̀lé olùkọ́ sókè ketekete, títí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi Jámánì kí oníbàárà.

Ìṣọ́raolúwa, nọ́ọ̀sì kan láti Agbowó, wà nínú kíláàsì náà. Ọkọ tirẹ̀ náà wà lọ́hùn-ún, ọkàn rẹ̀ sì ti lọ bá a tipẹ́. Bí kíláàsì bá parí, á gun ọ̀kadà wá sí Àpẹtẹ kí Latifah lè tún ohun tí kò yé e ṣàlàyé. Latifah á da ìyẹ̀fun sórí tábìlì, á fi ìka kọ ọ̀rọ̀ sí i, á pa á rẹ́, á tún òmíràn kọ.

Àwọn méjèèjì jọ wọ bọ́ọ̀sì ní Challenge lọ ṣe ìdánwò l'Ékòó. Nígbà tí èsì jáde, Ìṣọ́raolúwa gba mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Latifah gba méjìdínlọ́gọ́ta. Ìṣọ́raolúwa ló sunkún níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Bọ́láwárìn ní ìpayà ni, pé àwọn kan wà tí ìwé yé dáadáa, àmọ́ tí gbogbo rẹ̀ máa ń fò lọ bí wọ́n bá ti jókòó sí gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mọ́kàndínlọ́gọ́ta. "Máàkì kan péré!" ni Mánsúrù ń pariwo lórí fóònù. Ìyá rẹ̀ wá ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé búrẹ́dì nìkan ló kún orí ìyàwó ọmọ òun. Ọ̀rọ̀ yìí dun Latifah wọra. Ó wọ yàrá ààrò lọ, ó sunkún díẹ̀, ó bọ́jú, ó sì wọ kíláàsì aago mẹ́rin.

"Màmá, mi ò ní jáwọ́," ló wí fún ìyá ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yìn mi ò ní kan ilẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí."

Ẹ̀ẹ̀kẹta, méjìdínlọ́gọ́ta. Àwọn tuntun tó wọlé sí kíláàsì ti ń pè é ní Ìyá Kíláàsì. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

Mánsúrù ò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ó ti tó, òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun ń bọ̀ nílé pátápátá.

Ó dé ní ọjọ́ Jímọ̀, pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo. Latifah wo àpò náà, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé búrẹ́dì gbígbóná síwájú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti bọ́ épírọ́ọ̀nù. Mánsúrù ní àwọn méjèèjì ni yóò jọ máa ṣe ilé búrẹ́dì náà. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan wá wo ààrò méjèèjì, ó fi téèpù wọ̀n wọ́n, ó wọn yàrá náà pẹ̀lú. Mánsúrù ní ẹni tó máa bá àwọn tún un ṣe ni.

Ní ọjọ́ kẹta, gbogbo wọn wà ní pálọ̀ nígbà tí fóònù Mánsúrù dún. Ọ̀gá rẹ̀ ní Jámánì ni. Mánsúrù ò tilẹ̀ dìde kúrò lórí àga. Ó kẹ́sẹ̀ léra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Jámánì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ni wọ́n ń sọ. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu fóònù.

"Ọ̀gá mi ló ń kí yín, Màmá. Ó ń dùn ún pé mo fi wọ́n sílẹ̀."

Latifah gbé àwo búrẹ́dì sílẹ̀, ó gba fóònù náà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó fi Jámánì tó já gaara, tí kò ní àṣìṣe kan, kí ọ̀gá náà, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ dúró díẹ̀, kí Mánsúrù fi Yorùbá tún ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Jámánì wí sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lòun fi gbàyè ìsinmi, àti pé bí òun bá ti ta ilé búrẹ́dì ìyàwó òun tán, òun ń padà bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́.