Ọwọ́ Màdáámù Martine

Bantè, ọdún 1996.

Ẹ̀fọ́ oko ìlú ń dán débi pé ó ń ṣe èèyàn bíi kó jẹ ẹ́ ní tútù.

Martine, olùkọ́ tó dá oko náà sílẹ̀, ń kọ́ àwọn obìnrin: "Ìgbẹ́ ẹran nìkan ni mo fi sí i."

Ìyá Kafayath, ọ̀kan nínú wọn, bú sẹ́kún.

"Màdáámù, òun náà ni mo lò. Tèmi ò dàgbà. Àwọn ọmọ ò rí ọbẹ̀ jẹ. Ọwọ́ mi ni ò dáa."

"Ọwọ́ yín kọ́, ìyá..."



Ìyá gbá ọwọ́ Martine mú, ó ń fi pa àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ bùn mi nínú ọwọ́ rere yìí."

Ajílẹ̀ òyìnbó tí Martine yọ́ dà sóko ní ìdájí ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.