Ọta Tó Yá Oòrùn

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ má fò ó. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ìbọn wà nílé yín, tí ẹ rò pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè kọ́ yín mọ́, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí.

1.
Káfíńtà kan wà tó máa ń ṣọdẹ bí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ẹyọ Kan ni gbogbo ayé ń pè é, torí ọta kan ṣoṣo ló máa ń yìn fún ẹran kan. Ẹran á ṣubú, òun á fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ìbọn, fùú, á ní, "Ẹyọ kan!"

Ẹni dáadáa ni o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Kò sí àga tó kán ládùúgbò tí kì í bá wọn kàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní àbúrò kan ṣoṣo, Aláago, tó ń tún aago ọwọ́ ṣe. Ẹ̀yìn Ẹyọ Kan ni Aláago ti dàgbà, òun ló ń pọ̀n ọ́n kiri nígbà tí ìyá wọn ń ṣàìsàn. Títí dòní, bí Aláago bá húkọ́, àyà Ẹyọ Kan ni yóò já.

Àmọ́ orúkọ yẹn ti gùn ún lórí.

2.
Òwúrọ̀ ìgbà òtútù, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ló ti tún ojú ìbọn rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń wo ibi tí ọta máa bà, tò. Láti ìgbà náà, kò tún fọwọ́ kan ojú ìbọn náà mọ́. Ìgbà ooru dé, àwọn ọdẹ ní àwọn ń gun òkè ńlá lọ, ibẹ̀ ni ẹran sá lọ. Ẹyọ Kan ju páálí ọta sórí dáṣíbọọ̀dù mọ́tò, níbi tí oòrùn ti ń ta gba inú gíláàsì.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń yan búrẹ́dì tà, rí i.

"Bàbá ilé, ẹ gbé ọta yẹn kúrò nínú oòrùn."

"Ọta ni, kì í ṣe búrẹ́dì."

"Ẹ̀tù ló wà nínú tiyín, ìyẹ̀fun ló wà nínú tèmi, àwọn méjèèjì ló mọ ooru lára. Ìwúkàrà tí mo fi po ìyẹ̀fun nígbà òtútù, bí mo bá fi gbogbo rẹ̀ pò ó lónìí, á wú kọjá agolo."

Aláago bú sẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn mọ́tò. "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yan ọta wọn. Bó bá jinná, ẹ bá wa fi bọ́tà sí i."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọta wà níbẹ̀, ó ń yá oòrùn.

3.
Àwọn ọdẹ yìí ní òfin kan. Ẹni tó bá gun òkè dé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yin ìbọn sí pátákó funfun kan tí wọ́n gbé ti ebè, kó tó wọgbó. Ìdí ni pé ẹ̀tù tó bá ti gbóná máa ń jó kíkan, á ti ọta jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá tutù, ó máa ń lọ́ra, ọta á wálẹ̀. Afẹ́fẹ́ orí òkè náà fẹ́lẹ́, kì í di ọta lọ́wọ́ bíi ti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ojú tí èèyàn tò nísàlẹ̀ kì í ṣe ojú tí yóò bá lókè.

Kálukú yìn ín, wọ́n tún ojú ìbọn wọn tò. Ó kan Ẹyọ Kan.

Ó ní, "Bí mo bá yin ọ̀kan síbí, tí mo tún yin ọ̀kan fún ẹran, ṣé ẹyọ méjì kọ́ nìyẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yìn ín jàre," ni Aláago wí. "Èmi náà kì í dá aago padà fólóhun láì gbọ́ kó dún."

"Gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún." Ó kọjá lára pátákó láì yìn ín, ó wọgbó.

Ẹ wá wò ó o! Nítorí orúkọ ìnagijẹ!

4.
Aláago gun àpáta lọ láti máa wo ọ̀nà fún wọn. Kò pẹ́, àgbọ̀nrín kan jáde, ó dúró nísàlẹ̀ àpáta yẹn gan-an. Ẹyọ Kan rí ẹran, ó sì rí fìlà pupa àbúrò rẹ̀ lókè orí ẹran náà. Ó rí i o. Ọkàn rẹ̀ ní kó dúró. Ó fi ojú káfíńtà wọn àlàfo tó wà láàárín wọn, ó ní odidi ilẹ̀kùn á gba ibẹ̀ kọjá.

Ó yìn ín.

Ìbọn ta á léjìká bíi pé ó ń bínú sí i. Àgbọ̀nrín yíjú wò ó, ó sá lọ. Lókè, ọta ba àpáta, òkúta fọ́ yángá.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ojú mi o!"

Ẹyọ Kan sáré gùn ún, ó gbé e pọ̀n. Ẹ̀yìn àtijọ́ yẹn náà ló fi pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀.

"Ọmọ ìyá mi, má sùn o. Bá mi sọ̀rọ̀."

"Ṣé ẹran ṣubú?"

Ẹyọ Kan gbé e sọ mọ́ ẹ̀yìn, ó tẹsẹ̀ mọ́rìn.

5.
Aláago kò kú. Ojú ọ̀tún ló lọ, èyí tó máa ń há awò kékeré mọ́ láti fi wo inú aago.

Ẹyọ Kan fa ìbọn lé olórí ọdẹ lọ́wọ́, kò sì béèrè rẹ̀ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá ti gbọn eruku pákó kúrò lára, ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ ló ń lọ. Òun ló ń bá Aláago fi ẹ̀mú kékeré ṣa nọ́ọ̀tì inú aago, èyí tí kò tó kóró ata. Ìka káfíńtà, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Ó mú un, ó bọ́. Ó tún un mú, ó tún bọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹyọ kan péré ni mo ní kẹ́ ẹ mú."

"Má fi mí ṣẹ̀sín."

"Tá ni kí n wá fi ṣẹ̀sín? Ẹ tún un mú, ojú mi ni yín."

Ọkùnrin tí kò fẹ́ yìnbọn lẹ́ẹ̀mejì wá tẹ orí ba, ó ń tún un mú. Ìyàwó rẹ̀ gbé búrẹ́dì gbígbóná wá fún wọn, kò mẹ́nu ba ọta inú oòrùn. Èmi ni, ǹ bá sọ ọ́!

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọdẹ. Ẹ má sá ọta sóòrùn. Bí ojú ọjọ́ bá yí padà, tàbí tí ẹ bá gòkè, ẹ kọ́kọ́ yin ìbọn yín wò. Bí èèyàn bá wà ní apá ibi tí ẹ̀ ń wò, ẹ gbé ìbọn sílẹ̀, kí ẹran máa lọ. Kò sí orúkọ tó dùn tó ojú ọmọ ìyá ẹni.

Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà.